Ẹ̀ka Ilé-Oúnjẹ Ńlá ní Ojowo: Owó Tó Ń Ná Ni àti Ohun Tí Wọ́n Ń Béèrè

Inú ṣọ́ọ̀bù Kingsway ni Mr Bigg's ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tó wá ra aṣọ àti àwo níbẹ̀ máa ń rí ibi jókòó sí, kí wọ́n fi ìpápánu panu. Nígbà tó di ọdún 1986, UAC tó ni ṣọ́ọ̀bù náà sọ ọ́ di ilé-oúnjẹ tó dá dúró ní Èkó, kò sì pẹ́ tí mítì páì ibẹ̀ fi di ohun tí bàbá ń rà bọ̀ fọ́mọ. Ohun tó gbé orúkọ náà kúrò ní Èkó dé àwọn ìlú mìíràn ni pé UAC kò fi owó tirẹ̀ nìkan kọ́ gbogbo ẹ̀ka. Ó gbà kí olówó mìíràn lo orúkọ náà, kó wá ilé, kó gba òṣìṣẹ́, kó máa se oúnjẹ bí UAC ṣe ń sè é, kó sì máa sanwó fún un. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní fránṣáìsì.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ti ń pọ̀ sí i. Tọkọtaya kan ló dá Tantalizers sílẹ̀ ní Festac lọ́dún 1997. Chicken Republic dé ní 2004, KFC ṣí ilẹ̀kùn ní Victoria Island ní òpin 2009, Domino's sì tẹ̀ lé e ní 2012. Ọmọ Ojowo ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní London ń rí gbogbo èyí, ó ń wo èrò tó tò síwájú káńtà, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí irú rẹ̀ kò fi lè wà nílé. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ́kọ́ máa ń béèrè, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń gba orúkọ, kọ́ ló máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Owó tí ń jáde lóṣooṣù, bí èrò wá, bí èrò kò wá, ni kí ènìyàn ṣọ́ra fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tí yóò ra oúnjẹ náà. Ojowo, Òkè-Àgbò, Òkè-Ṣọpẹn, Àtìkòrí àti Jàpárà ló para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. Kòkó, obì àti gẹdú ni owó àtayébáyé ibẹ̀, owó bẹ́ẹ̀ sì ní àsìkò tirẹ̀. Oníkòkó tó ra adìẹ díndín fún gbogbo ilé nígbà ìkórè lè má yà síbẹ̀ mọ́ títí ọdún fi yí po. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn onímọ́tò tó ń ná ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ló ń ná owó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Abraham Adesanya Polytechnic wà nínú Ìjẹ̀bú-Igbó fúnra rẹ̀. Ní Àgọ́-Ìwòyè ni Olabisi Onabanjo University wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí Ogun State University kó tó gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 2001.

Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, wọ́n fẹ́ràn ibi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti ibi tí wọ́n ti lè ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wọn kò pọ̀, gàárì Ìjẹ̀bú sì wà nínú yàrá wọn. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, ìyá olóúnjẹ tó ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni yóò rí wọn. Chicken Republic mọ èyí dáadáa. Ọ̀kan nínú ohun tó sọ ọ́ di orúkọ tó wà káàkiri ni oúnjẹ tí wọ́n pè ní Refuel, ìrẹsì tàbí spaghetti pẹ̀lú adìẹ ní iye tí ọ̀dọ́ lè san. Ẹni tó bá fẹ́ gba orúkọ wá sí agbègbè yìí, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá orúkọ náà ní oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú irú èyí. Bí èyí tó kéré jù nínú oúnjẹ wọn bá ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná lóòjọ́ lọ, ìlú yìí kò tí ì gbà á.

Kí ẹni náà má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu ajẹ́ńtì gbọ́ nípa èrò. Kó jókòó síwájú ilé tó fẹ́ gbà pẹ̀lú bírò àti ìwé lọ́jọ́ ọjà, lọ́jọ́ iléèwé àti lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tí ìjọ bá tú, kó máa ka àwọn tó ń kọjá. Kó ka àwọn tó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tó wà nítòsí, kó sì wo iye tí wọ́n ń san. Kó tún padà wá nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìsinmi. Iye tó bá kà nígbà yẹn ló yẹ kó fi ṣe ìṣirò.

Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí olókòwò mìíràn lè ronú kàn, ọ̀rọ̀ kò gùn. Láti Abigi dé àwọn abúlé etí omi, ilé kò sún mọ́ra, ọkọ̀ tó ń kó adìẹ dídì yóò sì rìn jìnnà kó tó débẹ̀. Ẹja tútù tí wọ́n ń pa níbẹ̀ dùn ju ohun tí fránṣáìsì kankan lè gbé wá lọ. Kí olókòwò máa wo ìlú Òru, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó ná.

Owó mẹ́ta ni ẹni tó gba orúkọ máa ń san fún olórúkọ. Èkíní ni owó ìwọlé, tó ń san lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni owó orúkọ, ìdá kan nínú gbogbo owó tó bá wọlé lóṣooṣù. Ẹ̀kẹta ni owó ìpolówó, tó jẹ́ ìdá kékeré mìíràn nínú owó kan náà. Bí wọ́n ṣe ń pín in yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, McDonald's, tí kò ní ẹ̀ka kankan ní Nàìjíríà, ń gba $45,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìwọlé. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ó gbé owó orúkọ fún àwọn ẹ̀ka tuntun níbẹ̀ láti ìdá 4 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Chick-fil-A kò gbà ju $10,000 lọ níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ló ni ilé àti ẹ̀rọ, ó ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé, ó sì tún ń mú ìdajì èrè tó kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àdéhùn tó yẹ kí ènìyàn fi ìka tọ́ka sí, kó kà lẹ́ẹ̀mejì: orí kí ni wọ́n ti ń ṣírò owó orúkọ? Lórí gbogbo owó tó wọ inú àpótí ni, kì í ṣe lórí èrè. Ṣọ́ọ̀bù tó pàdánù lóṣù yìí yóò ṣì san án.

Ilé ló kàn. Lándílọ́ọ̀dù yóò béèrè owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ajẹ́ńtì yóò gba tirẹ̀, lọ́yà yóò gba tirẹ̀, ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sì ni àwọn méjèèjì sábà máa ń pè. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àdéhùn orúkọ lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àdéhùn ilé jẹ́ ọdún méjì. Ẹni tó ti ri táìlì, káńtà àti páìpù mọ́ ilé onílé, tí onílé wá sọ owó di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún méjì, kò ní ibi tí yóò sá sí. Kí ọjọ́ orí àdéhùn méjèèjì bára mu, kí wọ́n sì kọ iye tí owó ilé lè fi gòkè sínú ìwé. Bí ilé bá jẹ́ ti ẹbí, bí ọ̀pọ̀ ilé ojú ọ̀nà ṣe jẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i. Ọmọ ẹbí kan ṣoṣo tó gba owó ní kọ̀rọ̀ kò lè fi dúkìá ẹbí háyà fún ẹnikẹ́ni, ilé-ẹjọ́ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Inú kíṣìnì ni owó ti ń wọlẹ̀ jù, níbi tí oníbàárà kì í dé. Ẹ wo ìrìn-àjò adìẹ kan. Ó dé nínú ọkọ̀ tútù ní dídì, ó wọ firísà tó gbọ́dọ̀ wà ní -18°C. Wọ́n gbé e jáde kó yọ́ nínú fíríìjì tí kò gbọ́dọ̀ ju 5°C lọ, wọ́n po ohun èlò mọ́ ọn, ó sùn mọ́jú nínú rẹ̀, wọ́n yí i nínú ìyẹ̀fun, ó wá wọ ẹ̀rọ ìdíngbẹ tó ní ìdérí lílé. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú un gbóná ju 60°C lọ. Ní alẹ́, wọ́n sẹ́ òróró ẹ̀rọ náà, wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, bí ó bá ti dúdú jù wọ́n dà á nù, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Àárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìsàn ti ń bí sí i, gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá wọ̀nyí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí oúnjẹ má pẹ́ níbẹ̀. Bí iná bá lọ láago méjì òru, tí ẹni tó ń ṣọ́ ilé kò gbọ́, ẹrù tó wà nínú fíríìjì lè bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Olórúkọ ló máa ń yan ẹ̀rọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà àti ẹni tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ ra ọjà. Ìdí rẹ̀ ni kí adìẹ Ojowo má yàtọ̀ sí ti Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ó ní ìpalára tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀dùnkún díndín tán ní KFC Kenya nítorí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó o bọ̀ láti òkè òkun pẹ́, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ ọ̀dùnkún kún Kenya. Àwọn ará ìlú bínú gan-an. Ní Nàìjíríà, ìjọba ti fòfin de adìẹ dídì láti òkè òkun, nítorí náà ọwọ́ àwọn olùsìn adìẹ ilé ni gbogbo wọn ti ń rà á, ìpínlẹ̀ Ògùn sì kún fún wọn. Kí ẹni tó fẹ́ gba orúkọ béèrè bóyá òun lè mú olùsìn adìẹ kan láti agbègbè òun lọ fún àyẹ̀wò, kí owó ọkọ̀ lè dín kù.

Nípa iná, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lórí ilé èyíkéyìí: Band wo, ìyẹn ìpele tí wọ́n fi wákàtí iná pín, ló wà? IBEDC ló ń pín iná ní apá Ìjẹ̀bú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bíi ₦68 dé ₦225 lórí ìwọ̀n iná kan tí mítà ń kà, kí wọ́n tó já a wálẹ̀ díẹ̀. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ni wákàtí 20 lóòjọ́. Owó náà pọ̀, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ a máa ná ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó wà ní Band ìsàlẹ̀, tí owó rẹ̀ dínwó, lè gbà padà lórí dísẹ́ẹ̀lì ohun tó fi sílẹ̀ lórí owó ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù náà ń ta ₦300,000 lóòjọ́, ìyẹn ₦9,000,000 lóṣù. Ká fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ: ₦3,600,000. Owó orúkọ ìdá 5 àti ìpolówó ìdá 2 di ₦630,000. Òṣìṣẹ́ 15 ní ₦77,000, iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ sí í san fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní òpin 2024, jẹ́ ₦1,155,000. (Òfin owó oṣù tó kéré jù kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń dín adìẹ mọ ohun tí ìjọba ń san.) Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 fi ìdá 10 kún un: ₦115,500. Jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ lítà 32 lóòjọ́ yóò mu 960 lóṣù, tí a bá fi lítà kan sí ₦1,000, ₦960,000 nìyẹn. Bí olókòwò bá yá ₦30,000,000 pẹ̀lú èlé ìdá 30 lọ́dún, ₦750,000 ni èlé oṣù kan. Iye èlé yìí kì í ṣe àsọdùn: Báńkì Àpapọ̀ gbé ìpìlẹ̀ èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ohun tó kù ni ₦1,789,500. Nínú rẹ̀ ni owó ilé, gáàsì, omi, páàkì oúnjẹ, owó ẹ̀ṣọ́ àti àtúnṣe ẹ̀rọ yóò ti jáde.

Ó dà bíi pé ó ṣeé ṣe. Wàyí o, kí iléèwé lọ fún ìsinmi, kí ọjà dín sí ìdajì. ₦4,500,000 ló wọlé. Ohun èlò dín sí ₦1,800,000, owó orúkọ àti ìpolówó dín sí ₦315,000. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò dín, firísà kò dín, báńkì kò dín. Olókòwò ti jẹ gbèsè ₦595,500 kó tó ronú kan owó ilé. Ìsinmi oṣù méjì-mẹ́ta lè gbé èrè oṣù mẹ́ta tó dára lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àìsàn Kòrónà ti gbogbo iléèwé pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní owó ìnáwó oṣù mẹ́fà lápá kan, yàtọ̀ sí owó tó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ tán lọ́jọ́ tí wọ́n gé rìbọ́n kò tí ì ṣetán.

Ìwé ìjọba kò le tó bí àwọn kan ṣe ń dẹ́rù bani. CAC ló ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ olórúkọ sì fẹ́ kó jẹ́ kọ́ḿpánì tó dá dúró lábẹ́ òfin, kì í ṣe orúkọ òwò lásán. Owó orí ọjà VAT jẹ́ ìdá 7.5 láti oṣù kejì ọdún 2020. Ìrẹsì tútù kò ní in, ìrẹsì tí wọ́n sè tà nílé-oúnjẹ ní in, kì í sì í ṣe owó olókòwò láti ná. Wolé-wolé láti ìjọba ìbílẹ̀ yóò wo kíṣìnì, omi, ṣáláńgá àti ìwé àyẹ̀wò ara gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ. Kí wọ́n pè é wá kí wọ́n tó lẹ táìlì, kó lè sọ ibi tó fẹ́ kí síǹkì wà àti àpótí tó ń gba ọ̀rá sílẹ̀ kí omi ìdọ̀tí tó wọ sọ́kàwéè. Panápaná yóò wo ibi tí gáàsì wà. Àwọn tó ń mójú tó pátákó ìpolówó ní ìpínlẹ̀ Ògùn yóò gba owó lórí orúkọ ńlá tó ń tàn lórí òrùlé. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti òkè òkun, àdéhùn náà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì NOTAP, tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 60, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ báńkì kò ní lè fi owó orúkọ ránṣẹ́ sí olórúkọ.

Ohun kan tí àwọn oníṣẹ́ ilé máa ń gbàgbé ni ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àjọ FAAN tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú ti ẹ̀ka KFC tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed pa fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọn kò gba ọkùnrin kan tó ń lo irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè níbẹ̀. Ọmọ Gbenga Daniel ni, gómìnà Ògùn tẹ́lẹ̀, tó ń ṣojú Ìlà-Oòrùn Ògùn, tí Ìjẹ̀bú-Igbó wà nínú rẹ̀, nílé aṣòfin àgbà. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀-ara ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2019. Síméǹtì díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò tó ìdá kékeré nínú ohun tí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ń náni.

Nàìjíríà kò ní òfin tí wọ́n dìídì ṣe fún fránṣáìsì. Ní Amẹ́ríkà, olórúkọ gbọ́dọ̀ fi ìwé àlàyé nípa òwò rẹ̀ lé ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14 kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ní South Africa, ẹni tó fọwọ́ sí i ṣì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti yí ọkàn padà. Níbí, ohun tí ènìyàn kò bá béèrè, wọn kò ní sọ ọ́. Kó béèrè ẹ̀ka mélòó ni wọ́n ṣí àti mélòó ló ti kógbá sílé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kó béèrè bóyá wọ́n lè ṣí ẹ̀ka mìíràn ní Òru tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó lọ bá ẹni méjì tó ti gba orúkọ náà níbòmíràn, kí olórúkọ má sì jẹ́ ẹni tó yan àwọn méjèèjì fún un.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Foodco ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà lọ́dún 1982 gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀bù èso àti ẹ̀fọ́. Kò gba orúkọ ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló di orúkọ. Ẹni tó bá ní alásè tó mọ ìkókoré sè bí ìyá àgbà ṣe ń sè é lè fi ìdajì owó yìí kọ́ ilé-oúnjẹ tó mọ́ ní Ojowo, kó máa dín adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fránṣáìsì kì í sábà gbà kí ènìyàn fi oúnjẹ ìlú rẹ̀ kún ohun tó wà lórí pátákó. Ohun tó ń fúnni ni ọ̀nà ìsè tí wọ́n ti dán wò, ẹ̀kọ́ fún òṣìṣẹ́, àti èrò tó ti mọ orúkọ náà kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹni tí kò tíì ta oúnjẹ rí lè nílò rẹ̀. Ẹni tó ti ta á fún ogún ọdún lè má nílò rẹ̀.

Bí olókòwò bá ṣì fẹ́ fọwọ́ sí i, kí lọ́yà tí kì í ṣe ti olórúkọ ka ojú ewé tó kẹ́yìn fún un, níbi tí wọ́n ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òwò bá parí: ta ni yóò ra àwọn ẹ̀rọ, ta ni yóò sanwó láti yọ pátákó, ṣé ó lè ta ẹ̀ka náà fún ẹlòmíràn, ọdún mélòó sì ni wọn yóò fi dá a dúró láti má ta oúnjẹ mìíràn nínú ilé kan náà.